Ọmọ Tí Ó Ṣubú Nínú Eré Ìje

Kíkà: Kọ́ríńtì Kìíní 9:24–27, Lúùkù 15:11–32

  Ẹ̀yin ará wa, àjò ni a ṣì wà ní Old GRA yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú yìí ni a ti bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ni a fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ọmọ iléèwé tí a ṣe kẹ́yìn, a pe orúkọ àwọn tí ó yege jáde síwájú pẹpẹ. A lùlù, a jó, a sì ná wọn lówó. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí a kò pe orúkọ rẹ̀, nítorí máàkì tí ó gbà kò tó nǹkan. Nígbà tí ìsìn parí, ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀ ni a ti bá a, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kò ti ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹkún rẹ̀. Láti ọjọ́ náà a kò tíì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run mọ́. Kò sí ẹni tí ó bú u. Àwa kò kàn sọ nǹkan kan ni, a sì rò pé àìsọ̀rọ̀ wa kò ṣe é ní ibi.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ fẹ́ràn láti máa fi eré ìje ṣe àpẹẹrẹ, kì í sì í ṣe lásán. Àwọn ará Kọ́ríńtì tí ó kọ̀wé sí ní pápá ìje ńlá kan ní itòsí ìlú wọn, ní Isthmia, níbi tí a ti máa ń díje ní ọdún méjì-méjì, adé ewé ni a sì máa ń fi dé ẹni tí ó bá borí lórí. Wọ́n mọ ohun tí ó ń wí nígbà tí ó rán wọn létí pé gbogbo ènìyàn ní ń sáré ṣùgbọ́n ẹnì kan ni ó ń gba ẹ̀bùn. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwa òbí ti máa ń pa Bíbélì dé. A kì í kà á dé ibi tí ó ti ní ewé náà yóò rọ.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọmọ tiwa kan wò. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Tóbi Amusan, a bí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1997, iṣẹ́ olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ń ṣe. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ó gba wúrà ní ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfríkà ní Brazzaville ní ọdún 2015. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Yunifásítì Texas ní El Paso ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń sáré. Eré tirẹ̀ ni èyí tí a ń fo ìdènà 10 láàárín 100 mítà. Gíga ìdènà kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 84 sẹ̀ǹtímítà, ó sì kọjá orúnkún àgbàlagbà. Mítà 13 ni láti ojú ìlà dé ìdènà kìíní, mítà 8.5 ni ó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, mítà 10.5 ni ó sì kù lẹ́yìn èyí tí ó kẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni asáré ń gbé láàárín ìdènà méjì. Bí ìṣísẹ̀ bá yẹ̀ ní ọ̀kan, àwọn tí ó kù yóò bá a yẹ̀.

Ohun kan wà nínú òfin eré yìí tí ó yà wá lẹ́nu. Bí ẹsẹ̀ asáré bá gbá ìdènà tí ó sì wó lulẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọn kì í lé e jáde. Yóò máa sáré lọ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pàdánù àsìkò díẹ̀. Àwọn tí ó ṣe òfin eré mọ̀ pé ẹlẹ́ran ara lè gbá nǹkan wó. Àwa tí a ń ka ìwé ore-ọ̀fẹ́ kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìdíje ayé ti Doha ní ọdún 2019, ipò kẹrin ni Tóbi ṣe. Ní Òlíḿpíìkì ti Tokyo tí a ṣe ní ọdún 2021, ipò kẹrin ni lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni mẹ́ta ni a ń fún ní àmì ẹ̀yẹ. Ẹni kẹrin a sì kó bàtà rẹ̀, a máa lọ ilé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sá eré ìkángun-kejì ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Kò tíì sí obìnrin kan ní ayé tí ó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí, 12.20 ti Kendra Harrison, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ti wà láti ọdún 2016. Ní ọjọ́ kan náà ó tún sá eré àṣekágbá ní 12.06, ó gba wúrà, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà níbi ìdíje ayé náà. Gbogbo wa ni a rí omijé rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè wa.

Ṣùgbọ́n 12.06 náà kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ ayé. 12.12 ni ó wà níbẹ̀. Kí ni ó fà á? Afẹ́fẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn ti asáré ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a kò ní ka àsìkò náà sí àkọsílẹ̀, ti ọjọ́ náà sì jẹ́ 2.5. Òun kọ́ ni ó rán afẹ́fẹ́ níṣẹ́, nítorí náà wúrà rẹ̀ dúró. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń san owó sábẹ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn lè bá ọmọ yín kọ ìdánwò, ẹ̀yin ni ẹ rán afẹ́fẹ́ tiyín níṣẹ́, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. A kàn ń sọ pé, nínú àwọn tí a pè jáde lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí a ti jó fún ìdáwọ́lé òbí, kí a sì ti fi ọmọ tí ó dá kọ tirẹ̀ tí ó sì kùnà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀rọ̀ Tóbi kò parí sí Eugene. Ní oṣù Keje ọdún 2023 wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ìgbà mẹ́ta láàárín oṣù 12 ni àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò oògùn wá a tí wọn kò rí i. Wọ́n dá a dúró. Àwọn adájọ́ dá a láre ní ọjọ́ díẹ̀ kí ìdíje ayé ti Budapest tó bẹ̀rẹ̀, ó sáré lọ síbẹ̀, ipò kẹfà ni ó ṣe. Ní Paris ní ọdún 2024 kò dé eré àṣekágbá rárá, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ní Tokyo kan náà tí ó ti ṣe ipò kẹrin, ó gba fàdákà ní 12.29.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ọmọ ẹlòmíràn. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń gba Moscow Road kọjá ní ìlú yìí, láìronú pé Moscow gan-an wà níbì kan, àti pé àwọn ọmọ wà níbẹ̀ tí a fi ìdíje tọ́ dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn ni Kamila Valieva, tí a bí ní Kazan ní ọdún 2006, tí ó ń fi bàtà onírin jó lórí omi dídì. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó lọ sí Òlíḿpíìkì ti Beijing ní oṣù Kejì ọdún 2022. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti dé pé a rí oògùn ọkàn tí òfin kà léèwọ̀ nínú àyẹ̀wò tí a ti ṣe fún un ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Wọ́n gbà á láyè kí ó ṣì jó, nítorí pé ọmọdé ni. Òun ni ó wà níwájú ní ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di ìpele kejì, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, ó sì bọ́ sí ipò kẹrin. Bí ó ti ń ti orí omi dídì jáde tòun ti ẹkún, ìbéèrè ni olùkọ́ rẹ̀ fi pàdé rẹ̀, pé kí ló dé tí ó fi jáwọ́. Gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Thomas Bach, tí ó jẹ́ olórí àjọ Òlíḿpíìkì nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tí òun rí ba òun nínú jẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ilé ẹjọ́ eré ìdárayá fi òfin dè é fún ọdún 4, tí a kà láti ọjọ́ àyẹ̀wò náà.

A kò gbèjà oògùn èèwọ̀ o. Òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 kì í dá lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ni ó yí i ká, ní ọjọ́ tí ó sì ṣubú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a rí kí ó sáré lọ gbà á mọ́ra kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀.

Nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá, ẹ kà á dáadáa, ẹnì kan ṣoṣo ni a sọ pé ó sáré. Kì í ṣe ọmọ. Baba arúgbó ni. Ní ilẹ̀ wa, àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Kí ni ó ń lé baba yìí? Ó rí ọmọ ní òkèèrè, àánú sì ṣe é. Ọmọ ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀nà, baba kò jẹ́ kí ó kà á tán. Aṣọ ni ó ń pè fún, bàtà ni ó ń pè fún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò kùnà ìdánwò kankan rí, bínú dúró síta, baba kan náà ni ó tún jáde lọ bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ yege, a kò gba ijó yín padà. Ẹ wọlé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, a ó pe orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ yìí tí ó jókòó fún ìdánwò ní ọdún yìí, a kò sì ní ka máàkì ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀yin òbí bá wọn jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìyá ìjọ àti àwọn alàgbà méjì yóò lọ sí ilé ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. A kò ní dúró kí òun wá bá wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn lọ, kí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní agogo 5. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó lọ bẹ́ẹ̀.