Ọkàn Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí: Ìfura, Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Allah, Ọba tí ó mọ ohun tí ó hàn àti ohun tí ó fara sin. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Islam, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ nílùú Ẹdẹ wa yìí, ìbáà ṣe ní Ọjà Tìmì, níbi ìsọmọlórúkọ, tàbí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí. Ẹnìkan á ní, “Ara mi fu sí ọ̀rọ̀ yìí.” Ẹlòmíràn á ní, “Ọkàn mi ló sọ ọ́ fún mi.” Ẹ̀kẹta á ní òun lálàá, òun sì rí ojú ẹni tí ó ń lé òun kiri. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kì í dúró síbẹ̀. Ọmọ kékeré á ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ á fi ìyálé lálàá, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti pe àgbàlagbà obìnrin ní àjẹ́. Ọkùnrin á fẹ́ gbéyàwó, ẹnìkan á ní òun ti ṣe istikhara, kò dára, wọn yóò sì ba orúkọ ọmọ olọ́mọ jẹ́ láìṣẹ̀ láìrò. Ìbéèrè wa nìyí: ṣé ohun tí ọkàn sọ fún wa jẹ́ ìmọ̀? Ìgbàgbọ́ ńkọ́? Bí ó bá sì jẹ́ ìmọ̀, ibo ni ó yẹ kí á bá a dé?

Kí á tó ṣí ìwé kéwú, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn baba wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo àti ẹnìkejì rẹ̀, Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, wọ́n lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tí Yorùbá ń pè ní ìmọ̀ àti ohun tí ó ń pè ní ìgbàgbọ́. Ọdún 1986 ni ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde. Ohun tí àwọn àgbà náà là sílẹ̀ ni pé ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ìgbàgbọ́ ni ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá wádìí ohun tí a gbà gbọ́, tí ojú wa wá tó o, ó di ìmọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Hàdíìsì kan nínú àkójọ Imam Ahmad sì bá òwe yìí mu wẹ́kú. Ànábì wa (SAW) ní gbígbọ́ ìròyìn kò rí bíi fífojú rí, ó sì fi Ànábì Musa ṣe àpẹẹrẹ. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni ó sọ fún Musa pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń bọ ère ọmọ màlúù. Musa kò ju wàláà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí ó dé, tí ojú rẹ̀ rí wọn, ni ó tó jù ú. Ṣé Musa kò gba Ọlọ́hun gbọ́ ni? Ó gbà Á gbọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí etí gbà, ọ̀tọ̀ ni kí ojú rí. Ànábì Ibrahim náà bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi bí Ó ti ń jí òkú han òun. Ó ti gbàgbọ́ ná; ó fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ ni, Ọlọ́hun kò sì bínú sí i.

Ẹni tí ó bá yára yóò ní, “A jẹ́ pé ìgbàgbọ́ kò tó nǹkan nìyẹn.” Kí ó fara balẹ̀. Nínú wa, ta ni ó rí ọjọ́ tí wọ́n bí òun? Ẹnu ìyá wa ni a ti gbọ́ ẹni tí ó jẹ́ baba wa, a sì ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn jogún, a ń fi í ṣọ ẹni tí a kò gbọdọ̀ fẹ́. Bí oṣù Ramadan bá lé, ènìyàn mélòó ni ó rí i? Lárúbáwá oko kan wá sọ fún Ànábì (SAW) pé òun rí oṣù. Ànábì bi í bóyá ó jẹ́rìí pé kò sí ọlọ́hun mìíràn àfi Allah, àti pé Muhammad ni òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànábì sì ní kí Bilal kéde ààwẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹnu ẹnìkan ni odidi ìlú fi gbààwẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nílùú Ẹdẹ yìí, ní ibi ìwádìí ACEGID tí ó wà ní Yunifásítì Redeemer's, ni wọ́n ti tú àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn Kòrónà tí wọ́n gbà lára aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kòkòrò náà kò hàn sí ojú ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní títì. A gbọ́, a sì gbà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu gbogbo ènìyàn ni a ti ń gbà. Ibi tí ìgbàgbọ́ ti yàtọ̀ sí ìdijú nìyí. Àwọn onímọ̀ Hàdíìsì kì í gba ọ̀rọ̀ kan títí wọn yóò fi béèrè pé: ta ni ó sọ ọ́? Ta ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Ṣé olóòótọ́ ni? Ṣé orí rẹ̀ ń pa ọ̀rọ̀ mọ́? Kí Ànábì wa tó gba iṣẹ́ ìránṣẹ́, àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè é ní Al-Amin, ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán. Nígbà tí wọ́n sì fi ìròyìn ìrìn òru náà bá Abu Bakr, tí wọ́n rò pé yóò ṣiyèméjì, ó ní bí ó bá jẹ́ pé Muhammad ni ó sọ ọ́, òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro lójú, ṣùgbọ́n Abu Bakr mọ ẹni tí ó sọ ọ́.

Ó wá ku ti ọkàn. A kò lè sọ pé ọkàn kò mọ nǹkan. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Imam al-Ghazali, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó lókìkí jù ní Bàgídáàdì kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1095, sọ nínú ìtàn ayé rẹ̀ pé ojú pàápàá ń tan ni: ìràwọ̀ tí ó rí bí owó dínárì lójú wa, ìṣirò fi hàn pé ó tóbi ju ilẹ̀ ayé lọ. Ó ṣiyèméjì títí ó fi di àìsàn sí i lára, ó sì ní kì í ṣe àríyànjiyàn ni ó wo òun sàn, ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́hun jù sí òun láyà ni. Nígbà tí Wabisa béèrè ìtumọ̀ iṣẹ́ rere, Ànábì (SAW) ní kí ó bi ọkàn ara rẹ̀: rere ni ohun tí ọkàn balẹ̀ sí, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni ohun tí ó ń rú ni láyà.

Ẹ kíyè sí i: ìwà ta ni Wabisa ń béèrè? Ìwà ara rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó rán ọkàn Wabisa lọ jẹ́rìí lé aládùúgbò rẹ̀ lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni istikhara. Ọ̀ràn ara ẹni ni a fi ń ṣe é, ẹni tí ó sì ń ṣe é yóò jẹ́wọ́ nínú àdúà náà pé Ọlọ́hun ni ó mọ̀, òun kò mọ̀. Kò sí àlá nínú àdúà náà. Báwo wá ni ẹni tí ó jẹ́wọ́ lálẹ́ pé òun kò mọ̀ yóò ṣe jí láàárọ̀ tí yóò ní òun mọ ìwà ọmọ ẹlòmíràn?

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé Ànábì fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parọ́ mọ́ Aisha, ìyàwó rẹ̀, nǹkan bí oṣù kan gbáko kọjá kí ìṣípayá tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn ẹnìkan tó láti fi dájọ́, ọkàn ta ni ìbá tó tirẹ̀? Síbẹ̀ ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, ó sọ ní gbangba pé rere nìkan ni òun mọ̀ nípa ìyàwó òun, ó sì dúró. Nígbà tí Ọlọ́hun dá Aisha láre, Ó bá àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri wí pé wọn kò mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá. Ànábì tún kìlọ̀ pé ènìyàn ni òun, ohun tí òun bá gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ń ṣẹjọ́ ni òun fi ń dájọ́. Àlùkùránì sì pa á láṣẹ pé kí á jìnnà sí ọ̀pọ̀ àbá dídá, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, “Khidr ńkọ́, tí ó ba ọkọ̀ ojú omi jẹ́, tí ó sì pa ọmọkùnrin, láìsí ẹlẹ́rìí?” Khidr sọ fún Musa pé kì í ṣe ìfẹ́ inú ara òun ni òun tẹ̀lé. Àṣẹ Ọlọ́hun ni ó ń jẹ́. Musa tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì fi ohun tí ojú rẹ̀ rí takò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bíi Khidr lónìí, kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí àṣẹ tirẹ̀ ti wá hàn wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Ẹdẹ gidigidi. Ìtàn kò gbàgbé Tìmì Abíbù Lágùnjú, Mùsùlùmí tí ó jọba níbí ní ọ̀rúndún 19, tí ó sì mú òfin Ṣẹ̀ríà wọ ìdájọ́ ìlú. Òfin yẹn ń béèrè ẹlẹ́rìí. Kò béèrè àlá. Títí di òní, nínú agbo ilé kan náà ni a ti ń rí Mùsùlùmí, Kristẹni àti oníṣàngó tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá. Bí oníkálukú bá ń fi ìfura ọkàn rẹ̀ dá ẹnìkejì lẹ́jọ́, agbo ilé wo ni yóò dúró?

Nítorí náà, bí ara bá fu ọ́, ṣọ́ra. Bí ọkàn rẹ bá ń gún ọ nítorí owó kan, má ṣe jẹ ẹ́. Bí o bá lálàá búburú, wá ìsádi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, má sì rò ó fún ẹnikẹ́ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ànábì kọ́ wa. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ ẹlòmíràn bá ti wọ inú rẹ̀, pa ẹnu mọ́ títí ẹ̀rí yóò fi dé. Ìyálé tí wọ́n pè ní àjẹ́ lórí àlá kò ní ibi tí yóò ti rí ẹlẹ́rìí tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú oorun náà. Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ inú rẹ̀, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ sì ni yóò ti bi wá léèrè.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, ìgbàgbọ́ tí kì í mì, àti ọkàn tí ó mọ ààyè ara rẹ̀. Àmín.