Eré àti Èrè

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tí ó jẹ́ pé àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: eré àti èrè. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò pe «jeu» ní «gain», ṣùgbọ́n bí a bá kọ tiwa láìfi àmì sí i, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ó tó ọdún méjì tí èmi alára kò fi mọ èyí tí mo ń ṣe nínú méjèèjì.

Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà tí ń jẹ́ EVE Online. Ilé-iṣẹ́ CCP ti ilẹ̀ Iceland ni ó gbé e jáde ní 2003. Àárín àwọn ìràwọ̀ ni eré náà ti ń wáyé: àwọn òṣèré ń wa irin, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń jagun, wọ́n sì ń ná ọjà. Ibùdó tí a ń pè ní Jita ni ọjà rẹ̀ tó tóbi jù. ISK ni wọ́n ń pe owó rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta kan náà tí àwọn báńkì fi ń kọ owó ilẹ̀ Iceland. Ẹni tó mọ àwàdà yóò rí i níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí à ń tà níbẹ̀, ènìyàn bí èmi àti ìwọ ni ó ṣe é, ènìyàn ni yóò sì rà á. Ọjà náà le dé ibi pé, ní 2007, ilé-iṣẹ́ náà gba onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, Eyjólfur Guðmundsson, pé kí ó máa bá wọn wò ó. Àwọn òṣèré a sì máa fi eré náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé Excel nínú òfuurufú ni. Ní 2023, yẹ̀yẹ́ di òótọ́: ilé-iṣẹ́ náà àti Microsoft gbé ohun èlò kan jáde tí ó so eré náà mọ́ Excel.

Èmi kò dúró de ìyẹn kí n tó ṣe àtẹ ìṣirò tèmi. Òpó kan wà fún ohun tí mo fẹ́ kàn, òpó kan fún iye irin tí yóò gbà, òpó kan fún owó irin ní Jita lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni owó orí àti owó alárinà, kí èrè tó kẹ́yìn. Bí èrè bá wà, àpótí rẹ̀ a di àwọ̀ ewé; bí àdánù ni, a di pupa. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn àtẹ náà ju eré fúnra rẹ̀ lọ.

Àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀. Irin tí mo bá fọwọ́ ara mi wà, òdo ni mo ń kọ sí i, nítorí mo rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ká ní irin tó wọ inú ọkọ̀ kan tó mílíọ̀nù 12 ISK lọ́jà, tí ọkọ̀ náà sì ń lọ ní mílíọ̀nù 11. Àtẹ mi yóò sọ pé mo jèrè mílíọ̀nù 11, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti pàdánù mílíọ̀nù kan: bí mo bá ta irin náà bí ó ṣe wà, owó mi ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún un ṣe. Mo kọ iye ọjà sí irin ọwọ́ mi, mo sì ya òpó kan sọ́tọ̀ fún wákàtí. Ìgbà náà ni ojú tì mí, nítorí mo mọ ibi tí mo ti rí àwọn wákàtí náà: ìwé ìdánwò àwọn ọmọ «troisième» ti wà lórí tábìlì mi fún ọ̀sẹ̀ méjì láìní máàkì.

Ṣùgbọ́n ìlà kan tí ó jẹ́ àwọ̀ ewé jù lọ nínú àtẹ náà ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ní àwọn ibùdó tó jìnnà sí Jita, àwọn ẹni tuntun máa ń ta irin wọn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ owó sílẹ̀ pé òun yóò rà. Ọjà agbègbè tiwọn nìkan ni eré náà ń fi hàn wọ́n. Mo kọ ìdá kan nínú márùn-ún owó Jita sílẹ̀, wọ́n sì ń tà fún mi.

Ṣé mo ṣẹ̀? Ẹni kan lè sọ pé aláròóbọ̀ ni mí, pé ẹni tó ru àgbàdo láti oko wọ Kétu gbọ́dọ̀ jèrè, pàápàá nígbà tí àwọn ọlọ́ṣà ń bẹ lójú ọ̀nà, wọ́n sì wà nínú eré náà lóòótọ́. Mo gbà. N kò sì kórìíra aláròóbọ̀. Òun ni ó rán mi lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n owó ẹrù àti owó ewu kò tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Àìmọ̀ ẹni tuntun ni mo ń tà.

Ẹlòmíràn yóò ní, «Eré ṣáà ni.» Ìdáhùn yìí ni mo fi tu ara mi lára fún ìgbà pípẹ́, títí mo fi wo òpó wákàtí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún àtẹ. Mo ti pinnu pé wákàtí tèmi kì í ṣe òdo. Báwo wá ni wákàtí ẹni tó wa irin náà ṣe di òdo? Bí ó bá jẹ́ pé eré ni ohun tó pàdánù, eré náà ni ohun tí mo rí gbà, kò sì sí ìdí tí inú mi fi ń dùn sí àwọ̀ ewé yẹn. N kò lè máa pe ohun kan ṣoṣo ní èrè lọ́dọ̀ mi, kí n pè é ní eré lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, tí ń ta gàrí ní Kétu. Ó bi mí bóyá mo ń fún wọn ní èènì. Mo ní èmi ni mo ń rà, èmi kọ́ ni mò ń tà. Ó ní, «Ẹni tó ń tà á fún ọ ńkọ́? O mọ orúkọ rẹ̀?»

Eré náà ń kọ orúkọ ẹni tí a bá ná ọjà sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò kàn gbé e wọ inú àtẹ mi ni. Mo ti ya òpó kan sọ́tọ̀ fún un báyìí. Mo ti gbé owó tí mo ń kọ sílẹ̀ dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti Jita, mo sì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tuntun láti sọ iye tí irin rẹ̀ ń lọ níbẹ̀. Àwọn kan ń ru tiwọn lọ fúnra wọn. Àwọn mìíràn ṣì ń tà fún mi, nítorí ọ̀nà jìn.