Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí télọ̀ bá fa okùn ìwọ̀n yọ, tó fi yí wa nídìí, tó sì ké nọ́ńbà rẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́ létí gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, inú kì í bí wa. Kódà a ó tún sọ fún un pé kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìrẹsì ọjọ́ ìnáwó. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá bi wá pé, "Báwo lẹ ṣe wúwo tó?" ojú á yí padà, ọ̀rọ̀ á di ìjà. Kí ló dé? Ṣebí ara kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n?

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé ìbéèrè yìí wá sí mi lọ́kàn. Mi ò sọ ti ọmọdé o. Èyí tí àgbàlagbà ń fẹsẹ̀ wà ni mò ń wí: táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn, apẹ̀rẹ̀ ẹrù láàárín táyà ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Mọ́mì Ajah, ló fẹ́ rà á. Inú ẹ́sítéètì kan lọ́nà Badore ni wọ́n ń gbé, ẹ̀gbẹ́ géètì sì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Orúnkún ń dùn wọ́n. Dókítà ní kí wọ́n máa lo ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi gbogbo ìwúwo ara lé orúnkún. Kẹ̀kẹ́ sì ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn: ìjókòó á gbé ara, ẹsẹ̀ á máa yí. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè dojú ènìyàn bolẹ̀ níbi tó bá ti fẹ́ dúró. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á dúró gbọn-in. Mọ́mì ga, wọ́n sì sanra. Bí mo bá ní wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, irọ́ ni mo pa.

Ká tó dé ọjà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ara Buba Marwa, tó jẹ́ alákòóso ológun ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ dá ètò NAPEP sílẹ̀ ní 2001 láti gbógun ti òṣì, tí kẹ̀kẹ́ náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń pín, àwọn ará ìlú mìíràn sọ ọ́ ní kẹ̀kẹ́ NAPEP. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Èkó fòfin de òun àti ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Eti-Osa tó ni Lekki àti Ajah sì wà nínú wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀nà inú Ajah mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ò tán níbẹ̀.

Èèyàn mẹ́ta ni àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà ní lọ́kàn fún ìjókòó ẹ̀yìn, awakọ̀ nìkan ló ni iwájú. Èkó ló fi ẹnì kẹrin há ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Mo wà pẹ̀lú Mọ́mì lọ́jọ́ tí awakọ̀ kan wò wọ́n láti òkè délẹ̀, tó ní, "Orobo, owó èèyàn méjì lẹ máa san o!" Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì san owó náà, wọn ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti awakọ̀ náà. Ó ní iye tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ lálaalẹ́. Ó ní owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ gáréèjì ń gbà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, epo bẹntiróòlù tó ń rà kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá gba àyè méjì, owó àyè kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi èrò kan lé e ju bí wọ́n ṣe ṣe kẹ̀kẹ́ lọ, kò tún yẹ kó máa pe ara ẹlòmíràn ní àṣejù. Bó bá tiẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó àyè, ẹ̀rín tó fi Mọ́mì pa láàárín èrò ńkọ́? Ta ló fún un ní ẹ̀tọ́ ìyẹn?

Ó wá ku ọjà. Ẹni àkọ́kọ́ tí a bá, ọlọ́yàyà èèyàn ni. Ó kúnlẹ̀ kí Mọ́mì, ó gbé omi tútù wá. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló ní ẹ sanra? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń dán! Kẹ̀kẹ́ yìí á gbé yín dọ́jọ́ alẹ́." Mo bi í pé kílò mélòó ló lè gbé. Ó ní, "Kò sẹ́ni tí ò lè gbé." Mo yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò lókè nísàlẹ̀, mi ò rí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀, kò sì sí ìwé tó bá a wá. Àmọ́ inú Mọ́mì ti dùn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọwọ́ wọn sì ti wà nínú báàgì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé irin kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí a kí i, bí a kò kí i, ohun tó lè gbé náà ni yóò gbé. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá ṣe dáadáa máa ń ní iye kílò tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ẹni tó ń wà á àti ẹrù rẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń kà pọ̀. Ọ̀pọ̀ irú èyí tí wọ́n ń tà fún àgbàlagbà, láàárín 110 sí 160 kílò ni tirẹ̀ wà. Mọ́mì jẹ́ 128 kílò. Ẹ fi omi inú ọ̀rá àti ìrẹsì díẹ̀ kún un, kó jẹ́ 20 kílò, ó di 148. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún 120 kílò kì í sọ pé ó ti rẹ òun. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, yóò kàn ṣẹ́ ni, èyí lè jẹ́ lórí bọ́ǹpù, kí mọ́tò sì wà lẹ́yìn ẹni.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń fara tẹ̀ bó bá fẹ́ yà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í tẹ̀. Níbi kọ́nà, gbogbo ìwúwo á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ti táyà látẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, sípóòkù tó nípọn ló yẹ ẹni tó wúwo, kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì jìnnà síra, kí ìjókòó má ga jù, kí ẹni náà sì rọra yà. Irin àárín gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ kí ẹni tí orúnkún ń dùn má baà gbẹ́sẹ̀ ga. Bíréèkì kan ò tó, ó yẹ kí òmíràn wà tí a lè fi dè é mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń gòkè tàbí tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ṣéènì ń yí. Ẹni tó bá sì mọ Ajah mọ̀ pé ilẹ̀ iyanrìn ni, àárín òkun àti ọ̀sà ló wà. Bí táyà kan yẹn bá bọ́ sí iyanrìn, yóò kàn máa yí lójú kan ni. Inú ẹ́sítéètì tó ní ọ̀nà dídì nìkan ló máa wúlò.

Ta ló yẹ kó sọ gbogbo èyí fún Mọ́mì? Obìnrin kan tó ń tajà níbòmíràn ló sọ ọ́. Ó fà wọ́n ní àga, ó jókòó tì wọ́n, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà. Kílò mélòó ni yín? Irú ẹrù wo lẹ fẹ́ máa gbé? Ṣé ẹsẹ̀ lè ga tó báyìí?" Mọ́mì wojú mi. Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n sì dá a lóhùn. Obìnrin náà ní, "Ó dáa mà. Ẹ má ra méjèèjì tó wà níta yìí, wọn ò lè gbé yín. Ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, 180 kílò ni tirẹ̀, àmọ́ ó wọ́n díẹ̀." Ọjà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nítorí òótọ́.

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ló bọ̀wọ̀ fún Mọ́mì? Awakọ̀ sọ òótọ́, ó fi ìwọ̀sí sí i. Ọlọ́jà àkọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó sì fẹ́ ta ìṣubú fún wọn. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì kò jìnnà síra. Ìkíni-ní-mẹ́sàn-án-mẹ́wàá tí kò ní òótọ́ nínú, ìwọ̀sí tí kò tíì dé ni. Ìbéèrè tó dà bí àrífín, èyí tí ẹ̀kọ́ ilé wa ní ká má bi àgbà, òun gan-an ló ní ọ̀wọ̀ nínú.

Ìdí nìyí tí inú kì í fi í bí wa sí télọ̀. Ó ń wọ̀n wá kí aṣọ lè bá wa mu. Bí a bá tóbi, yóò ní ká ra ọ̀pá kan kún aṣọ, kò ní sọ pé ká lọ gé ara wa wá. Awakọ̀ wọ̀n wá láti fi hàn pé a kò bá ìjókòó òun mu. Okùn ìwọ̀n kan náà ni, ohun tí a fẹ́ fi ṣe ló yàtọ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Wọn ò sọ pé kí eku wá ìwọ̀n ìtẹ́ ẹlòmíràn kiri.

Ẹnìkan á ní, "Kí wọ́n dín oúnjẹ kù nígbà náà, ṣé ẹlòmíràn ló ní kí wọ́n sanra?" Mo ti gbọ́ ọ nínú họ́sítẹ̀ẹ̀lì wa. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí a ní kí ẹni tó sanra má gùn yìí gan-an ló lè mú ara rẹ̀ yá. Ẹni tó bá ní kó kọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kó tó gun kẹ̀kẹ́ dà bí ẹni tó ní kí aláìsàn kọ́kọ́ gbádùn kó tó wá sí ọsibítù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwa tí à ń kọ́ nípa Yorùbá ni ó yẹ ká rántí pé Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn. Àfín, abuké, arọ, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, a kò sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá gbà pé ọwọ́ kan náà ló mọ gbogbo wa, ara ńlá náà ní ẹni tó mọ ọ́n. Ìka kò dọ́gba, síbẹ̀ ọwọ́ kan ni gbogbo wọn wà.

Kì í ṣe pé irin tó lágbára kò sí láyé. Ilé-iṣẹ́ Worksman, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1898, ti pẹ́ lẹ́nu ṣíṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù wúwo nínú fákítírì. Nílé níbí, ta ni ò mọ kẹ̀kẹ́ Fan Milk, tó ń fi gbogbo oòrùn gbé àpótí yìnyín kiri? Wọ́n wọn yìnyín kí wọ́n tó ṣe kẹ̀kẹ́ fún un. Ní Jos, Ayuba Gufwan, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ní kékeré, dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta afọwọ́wà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́. Ara ẹni tó máa gùn ún ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí a bá lè ṣe é fún yìnyín, tí a sì lè ṣe é fún arọ, ọ̀nà ti là fún ẹni tó sanra náà. Irin tó nípọn máa ń gbówó lórí, mo gbà. Kí wọ́n san owó irin. Kí wọ́n má san owó ẹ̀gàn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Ẹ wo àga inú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ tí wọ́n so mọ́ tábìlì, tí ẹlẹgbẹ́ wa kan kì í lè wọ̀, tó fi máa ń dúró lẹ́yìn bíi pé ó wù ú bẹ́ẹ̀. A rí i. Àwọn kan ń pè é ní orobo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù dákẹ́ kí wọ́n má baà dójú tì í, wọ́n rò pé ọmọlúàbí ni àwọn. Ẹ̀rín ò fún un ní àga, ìdákẹ́jẹ́ náà ò fún un. Ta ni nínú wa tó máa sún mọ́ ọn, tó máa rẹ ohùn sílẹ̀, tó máa bi í pé, "Irú àga wo ló máa gbà ọ́? Jẹ́ ká jọ lọ béèrè fún un"?