Ta Ló Ni Ohun Tí A Fẹ́ Fi Rúbọ?

 

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí. Bí nǹkan bá le fún ìlú, tí àwọn aláṣẹ ní àfi ká yọ̀ǹda ohun kan kí ìyókù lè dúró, ṣé ẹbọ nìyẹn, àbí ìrẹ́jẹ?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Lambeth ní gúúsù London, àdúgbò tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ilé ìkàwé kan wà ní Herne Hill níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Carnegie. Owó Andrew Carnegie, olówó irin nì, ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 1906. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2016, káńsù fẹ́ tì í. Wọ́n ní owó tí ìjọba ńlá ń fún àwọn ti dín kù gan-an láti 2010, pé ibi ìdárayá ni yóò wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé díẹ̀. Làwọn ará àdúgbò bá jókòó sínú ilé ìkàwé, wọn ò jáde. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n lò kí wọ́n tó jáde, wọ́n sì wọ́de lọ sí Brixton.

Ká sòótọ́, àwíjàre káńsù kì í ṣe àwáwí lásán. Òfin 1964 ní dandan ni kí wọ́n pèsè ilé ìkàwé. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú arúgbó tí kò lè dìde ńkọ́? Ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ní ìbéèrè yìí rọrùn, kò tíì fi owó tí kò tó gbọ́ bùkátà ilé rí.

Ifá náà kò sọ pé ká má rúbọ. Ẹni tó fẹ́ ire, ó di dandan kó jọ̀wọ́ nǹkan. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń mú ohun ẹbọ wá, tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń fẹ́. Babaláwo kò lè fo ògiri lọ mú ewúrẹ́ aládùúgbò kó fi rúbọ fún oníbàárà rẹ̀. Bó ti wù kó sun ìyẹ̀rẹ̀ lé e lórí tó, olè ni!

Ta wá ló ni ilé ìkàwé? Òkú ló kọ́ ọ. Ọmọdé tí kò tíì tó ìbò dì ló ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá níbẹ̀, torí ilé wọn há. Àwọn tí a kò tíì bí náà ní ìpín níbẹ̀. Olùtọ́jú lásán ni káńsù.

Bí tàwa awo ṣe rí náà nìyẹn. Odù 256 tó wà nínú wa kì í ṣe tiwa. Olúwo ló kọ́ wa, ẹlòmíì ló kọ́ òun náà. Bí mo bá ní orí mi ti kún, kí n gbàgbé Ọ̀yẹ̀kú kí àyè lè gba Ogbè, ta ló fún mi láṣẹ?

Nítorí náà, lójú tèmi, àwọn tó sùn sórí ilẹ̀ ilé ìkàwé ló rúbọ. Oorun tiwọn ni wọ́n fi sílẹ̀, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń pariwo pẹ̀lú: bí a bá ní kí wọ́n má ti láíbìrì, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a máa mú wá látinú àpò tiwa, ìbáà ṣe owó orí, ìbáà ṣe àkókò.

Ní oṣù kejì 2018, wọ́n ṣílẹ̀kùn Carnegie padà, pẹ̀lú ibi ìdárayá nísàlẹ̀. Inú àwọn kan dùn, àwọn kan ní ààbọ̀ ni wọ́n dá padà. Èmi ò bá wọn dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ẹni tó fẹ́ gé nǹkan ìlú kọ́kọ́ bi àwọn tó ni ín, kó sì bẹ̀rẹ̀ látorí tirẹ̀. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.