Ta Ni Ó Ni Ọjọ́ Ayẹyẹ?

Láti ìgbà tí oṣù Okúdù bá ti wọlé títí di ìgbà tí oṣù Owéwe yóò fi máa kógbá sílé, tí òjò ń rọ̀ ní àárọ̀ tí ó tún ń rọ̀ ní alẹ́, tí iṣu egbodò sì ti ń fara hàn lórí igbá nínú ọjà, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá máa ń rí ẹbí wọn kójọ ju ìgbàkígbà lọ nínú ọdún. Àkókò náà ni ilé ẹ̀kọ́ ń gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Àkókò náà gan-an sì ni oòrùn ń mú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ wa tí ó tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù ń rí àyè kó ọmọ tiwọn wálé wá kí ìyá àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ẹbí tèmi lọ́dún yìí: a sọ ọmọ tuntun lórúkọ, a bá ọmọkùnrin wa kan yọ̀ pé ó gboyè ní yunifásítì, a fa ọmọbìnrin kan fún ọkọ, kí Owéwe sì tó parí, a ti gbé àgbà obìnrin tí ó tọ́ púpọ̀ nínú wa dàgbà sin.

Ìbéèrè kan ni ọ̀wọ́ ọjọ́ wọ̀nyí fi sí mi lọ́kàn, ìbéèrè náà sì tó ohun tí àgbà ń fi ẹ̀sọ̀ rò: ta ni ó ni ọjọ́ ayẹyẹ? Wéré ni ẹnu yóò dáhùn pé ẹni tí a ń ṣe é fún ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọmọ lórúkọ, oorun ni ọmọ náà ń sùn. Bí a bá sì ń ṣe òkú àgbà, ẹni tí a torí rẹ̀ pe gbogbo ayé jọ kò gbọ́ ìlù, kò sì rí aṣọ. Ọjọ́ tí a gba ènìyàn wọlé ayé àti ọjọ́ tí a sìn ín jáde ni ọjọ́ méjì tí ó tóbi jù lọ nínú ìrìn àjò rẹ̀. Kò sì sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí. Èyí ni mo fi gbà pé àwọn tí ó dúró tì wá ni wọ́n ni ọjọ́ ńlá wa, pé ọwọ́ wọn ni ó wà, àti pé láti ọwọ́ wọn ni olúkúlùkù wa ti ń gba ìtàn ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìkómọjáde. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ní ayé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì; lónìí ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo ọmọ ní ibi púpọ̀. A ó fi oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare wúre. A ó fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, lẹ́yìn náà gbogbo ilé ni yóò tọ́ ọ wò. Ìyá àgbà yóò sọ owó sínú àwo omi, yóò pe orúkọ tirẹ̀. Bàbá àgbà yóò ṣe bẹ́ẹ̀, àbúrò ìyá yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ìyá àgbà bá ti kú kí ọmọbìnrin tó dé, Yétúndé ni yóò máa jẹ́, yóò sì máa dáhùn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sí ìbànújẹ́ àti ìtùnú àwọn ẹlòmíràn, èyí tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí òun tó la ojú.

Kì í ṣe àwọn tí ń tẹ̀ lé àṣà àbáláyé nìkan ni ó mọ èyí. Nílé Ìmàle, a máa ń pe ìrun sí ọmọ tuntun létí nígbà tí kò tíì mọ èdè kankan. Nínú ìjọ Áńgílíkà, nígbà tí a bá ń ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́, àlùfáà yóò bèèrè ìbéèrè, àwọn tí ó dúró fún ọmọ ni yóò sì fi ẹnu ara wọn dáhùn. Òfin Ìmàle tún sọ pé ìrun òkú jẹ́ gbèsè lọ́rùn gbogbo ìjọ: bí àwọn kan bá kí i, ẹrù bọ́ lọ́rùn àwọn ìyókù, bí kò bá sí ẹni tí ó kí i, gbogbo wọn ni ó jẹ̀bi. Ọ̀nà mẹ́ta ni èyí, ọjà kan náà ni wọ́n wọ̀.

Ẹnìkan lè dìde pé ọ̀rọ̀ orí ńkọ́. Ǹjẹ́ kì í ṣe olúkúlùkù ni ó kúnlẹ̀ tí ó yan ẹ̀dá tirẹ̀, tí a dáyé tán tí ojú ń kán wa? Àtakò náà lágbára, n kò sì fẹ́ fò ó dá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn tí àwọn babaláwo ń sọ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá sì ti kọ sínú ìwé, nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì ìṣáájú kánjú dé ilé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí. Wọn kò bá a nílé, wọ́n sì mú orí tí ó wù wọ́n. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì ń họ títí wọ́n fi dé ayé. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sí ilé baba rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti dífá fún un, tí ó sì ti gba iyọ̀ àti owó. Iyọ̀ ni ó fún oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀, oníbodè sì sìn ín lọ. Owó ni ó fi san gbèsè tí ó mú Àjàlá sá gun àjà, Àjàlá sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá a yan orí tí òjò kò lè mú. Ẹni tí ó yan orí rere nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹni tí kò dá a yàn. Nígbà tí ọmọ bá sì dé ayé tí ó ti gbàgbé ohun tí ó yàn, àwọn òbí rẹ̀ ni ó ń lọ gbọ́ ọ nídìí Ifá nígbà ẹsẹ̀ntáyé; wọ́n mọ̀ kí òun tó mọ̀.

Bí ọjọ́ kan bá tilẹ̀ wà tí a lè pè ní ti ẹni méjì péré, ọjọ́ ìgbéyàwó ni. Síbẹ̀, àṣà wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Níbi ìdána, ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹbí ìyàwó. Bí ìyàwó bá sì dé ilé ọkọ, gbogbo ọmọ tí a ti bí sí ilé náà ṣáájú rẹ̀ ni ó di ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ń rá kòrò. Kì í pè wọ́n lórúkọ gidi. Òun ni yóò wá orúkọ àpọ́nlé fún wọn. Àwọn ìyàwó ilé bẹ́ẹ̀ kan náà ni ó sì ń di òpìtàn ilé náà, nítorí ẹnu wọn ni oríkì orílẹ̀ ń gbé. Wọ́n ń fi ogun ki ọmọ Oníkòyí, wọ́n ń fi ìjàkadì ki ọmọ Ọlọ́fà, àgbà tí wọ́n ń kì kò jagun rí, ọmọdé tí wọ́n ń kì kò bá ẹnikẹ́ni ja ìjàkadì, síbẹ̀ orí àwọn méjèèjì ń wú. Nígbà tí a gbé ìyá àgbà wa sin, àwọn ìyàwó ilé ni ó dúró tì í tí wọ́n ń kì í. Wọ́n mọ ibi tí ó ti wá ju àwa tí ó wẹ̀ lọ́mọdé lọ. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ: òwe yìí sọ ọ́ gbangba pé ọjọ́ tí ènìyàn kò sí mọ́ ni a tó mọ̀ pé ó di òbí, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀rí náà sì wà.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, àyẹ̀wò tọ́ sí ìwà wa níbi ayẹyẹ òde òní. A ti sọ ẹlẹ́rìí di àlejò tí a ń bọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni ni ó ń jẹ gbèsè láti ra aṣọ ẹbí, ọ̀pọ̀ ni kò sì lè yọjú nítorí pé apá wọn kò ká aṣọ náà. Èyí burú, ó sì ń dùn mí. Ẹni tí owó aṣọ dá dúró sílé lè jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí ó rántí ọjọ́ tí a bí baba ọmọ. Ènìyàn ni aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Kò sí ibi kankan tí wọ́n ti sọ pé kí a fi aṣọ lé ènìyàn sẹ́yìn.

Ìdáhùn mi nìyí: ayẹyẹ kì í ṣe ohun ìní ẹni tí a ń bá yọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe jíjẹ mímu àwọn tí ó wá. Ohun ìfipamọ́ ni, àwọn tí ó péjú ni a sì fi pamọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ tí a sọ lórúkọ lọ́dún yìí yóò dàgbà, yóò sì bèèrè bí ọjọ́ náà ti rí, ẹni tí ó gbé òun lọ́wọ́, àti ìdí tí ìyá àgbà fi yan orúkọ yẹn fún òun. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá jẹ nínú oyin rẹ̀ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn, a kò sì gbọdọ̀ kú ní ajigbèsè.