Ta Ni Yóò Sọ Fún Un Pé Kò Rí Bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ní ìlú Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí ó wà ní agbègbè Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkè ọya ń fẹ́ kọjá lórí koríko ọ̀dàn tí eruku pupa sì bo páànù ilé bí ẹni pé a fi osùn kùn ún, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ojúlùmọ̀ mi kan, mo ń wo ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ láìsí ní ilé-ẹ̀kọ́. Fóònù ìyá rẹ̀ ni ó fi ti agolo mílíìkì tí wọ́n rọ yanrìn kún kí ó má baà yẹ̀. Bébà kan tí wọ́n kọ ọ̀sẹ̀ 36 sí, tí wọ́n ń fàlà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti parí, wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ. Láti inú fóònù náà sì ni obìnrin òyìnbó kan, tí n kò rò pé ó gbọ́ orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn rí, ti ń kọ́ ọ bí a ti ń pín odidi sí ìdá, ó ń fi àwòrán pízà tí a gé sí ọ̀nà mẹ́jọ ṣàlàyé fún ọmọ tí kò jẹ pízà rí.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ìyá náà lẹ́jọ́, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Gbogbo ẹni tí ó mọ agbègbè Èjìgbò ni ó mọ̀ pé Àbíjàn kò jìnnà sí wa bí ó ti jìnnà nínú àwòrán ilẹ̀. Ìran dé ìran ni àwọn ènìyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò lọ síbẹ̀, èdè Faransé kì í sì í ṣe àlejò lẹ́nu àwọn ìyálọ́jà wa. Ibẹ̀ ni a bí ọmọ yìí sí, ibẹ̀ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Nígbà tí wọ́n fi padà wálé, Faransé dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀ rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ ní kí ó padà sí kíláàsì kejì, láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lọ, ojú sì tì í tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò fi wọ ẹnu rẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni àbúrò ìyá rẹ̀ tí ń gbé ní Amẹ́ríkà sanwó ẹ̀kọ́ ọdún kan gbáko fún un, ẹ̀kọ́ kíláàsì karùn-ún tí a ṣe fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ń kọ́ nínú ilé tí a sì ń fi ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìwé kíkà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn, àti Bíbélì ní àràárọ̀.

Ẹjọ́ ìyá kọ́ ni mo wá dá. Ìbéèrè tí ó wọ̀ mí lọ́kàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ta ni Ọlọ́run fi ọmọ lé lọ́wọ́, tí ó fi lè yọ ọ́ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó sì máa dá kọ́ ọ?

Bí a bá bi ìwé mímọ́, inú ilé ni ó kọ́kọ́ nawọ́ sí. Òfin Mósè kò ní kí baba wá tíṣà; baba gan-an ni ó pàṣẹ fún pé kí ó máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, nílé àti lọ́nà. Àwọn Mùsùlùmí di hàdíìsì mú tí ó sọ pé orí ẹ̀dá mímọ́ ni a bí gbogbo ọmọ sí, pé òbí ni ó ń yí i sí ìhà mìíràn. Ìkìlọ̀ ńlá ni èyí, nítorí ọwọ́ tí ó lè gbé ọmọ dìde náà ni ó lè gbé e ṣubú. Àwọn baba wa, tí wọ́n mọ Olódùmarè ní Ọba atẹ́rẹrẹ-káríayé, sọ ní tiwọn pé kí ọmọ tó wọ inú ìyá rẹ̀ ni ó ti kúnlẹ̀ yan orí ní ilé Àjàlá alámọ̀, kò sì sí baba, kò sí ìyá, níbi tí ó gbé yan án. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó wúwo ju bí a ti ń fẹnu lásán sọ ọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé ọmọ ti yan orí tirẹ̀ kí òun àti òbí rẹ̀ tó mọ ara wọn, a jẹ́ pé olùtọ́jú ni òbí, ẹni tí a fi ohun olóhun ṣọ́. Ó lè wẹ̀ ẹ́, ó lè bọ́ ọ, ó lè bá a wí, ó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà wá ṣe láyé, òun àti ọmọ ni wọn yóò jọ máa wá a. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi gbà pé òbí ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ilé, tí n kò sì gbà pé ẹ̀tọ́ náà kò lópin.

Ìjọba náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù January, ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ìbá lo ayé rẹ̀ ní ìdí kòkó di ẹni tí ń gbé síléètì. Òfin tí ó fẹsẹ̀ UBE, ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, múlẹ̀ ní ọdún 2004 sì sọ ọ́ di dandan fún òbí kí ọmọ rẹ̀ kàwé fún ọdún 9. Ní Jámánì, òbí tí ó bá ní inú ilé ni òun yóò ti máa kọ́ ọmọ òun dípò ilé-ẹ̀kọ́ ti rú òfin. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ láti ọdún 1925 pé ìjọba nìkan kọ́ ni ó ni ọmọ, nígbà tí ó sì máa fi di ọdún 1993, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tí ó wà níbẹ̀ ni ó ti fàyè gba ẹ̀kọ́ inú ilé. Òfin orílẹ̀-èdè méjèèjì, ọmọ ni wọ́n ní àwọn ń ṣe é fún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó bí ẹ̀kọ́ inú ilé yìí. Ní ọdún 1906 ni ilé-ẹ̀kọ́ Calvert ní ìlú Baltimore bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nípa ìwé-ìfiránṣẹ́ sí àwọn òbí tí ń kọ́ ọmọ nínú ilé, àwọn míṣọ́nnárì tí ń gbé ní ilẹ̀ òkèèrè sì wà lára àwọn tí ó fi kọ́ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn míṣọ́nnárì onítẹ̀bọmi tí wọ́n wá sí ọ̀dọ̀ wa, àní tí iṣẹ́ wọn kún ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò, dá ilé-ẹ̀kọ́ Newton sílẹ̀ ní Òṣogbo fún àwọn ọmọ wọn. Àwọn náà kó ọmọ wọn jọ sí agbo.

Àwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọmọ nínú ilé. Inú ilé ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń fẹ́ ẹwìrì. Inú ilé ni ọmọ àyàn ti ń mọ bí a ti ń fún ọsán dùndún kí ó tó sọ̀rọ̀. Inú ilé ni ọmọ awo ti ń kọ́ odù, fún ọdún gbọọrọ, kí ó tó di ẹni tí a lè gbé ọpọ́n kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ilé wo ni? Agbo ilé ni, tí baba méje wà níbẹ̀, tí ìyá mẹ́wàá wà níbẹ̀, tí ọmọ tí baba rẹ̀ bá ṣì kọ́ yóò gbọ́ àtúnṣe lẹ́nu ẹ̀gbọ́n baba kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo bí àwọn babaláwo ti ń ṣọ́ òtítọ́. Bí wọ́n bá pé jọ tí ọ̀kan nínú wọn ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn ìyókù kì í dákẹ́: bí ó ti ń kí i ni wọ́n ń dáhùn pé hẹ́ẹ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ó rí, bí ó bá sì ṣi ẹsẹ kan kí, ojú agbo náà ni wọn yóò ti sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, ojú agbo náà ni yóò sì ti tún un kí. Kò sí ẹni tí ó gbọ́n jù fún ìdáhùn náà. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lọ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ nìyí: ohun tí ènìyàn kò tíì sọ lójú ẹni tí ó lè wí pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà ni orúkọ tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún ẹ̀rọ tí Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé jáde ní ọdún 2013 fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà fi wú mi lórí títí di òní. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀pọ̀ ìwé lórí iṣẹ́ 17 ni wọ́n kó sínú rẹ̀, Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sì sọ ọ́. Ọpọ́n Ifá kì í dá sọ̀rọ̀. Igi ni, ẹnìkan ni yóò bu ìyẹ̀rósùn sí i, tí yóò tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn yóò jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ọkàn rẹ̀, agbo yóò sì máa gbè é. Ẹ yọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò, kí ẹ wo ohun tí ọpọ́n yóò dá sọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ọkàn mi kò lè gbójú fò. Àwọn àgbà wa gbàgbọ́ pé ọmọ ti ní ẹgbẹ́ ní ọ̀run kí ó tó ní ìyá láyé, pé nígbà mìíràn ẹgbẹ́ náà tilẹ̀ ń pè é padà tí a fi ń ṣe sàárà fún wọn. Ẹni tí kò bá gba èyí gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn lè gbà á gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n, nítorí pé ẹgbẹ́ ń fún ọmọ ní ohun tí òbí kò lè fún un. Ní ọdún Ògìyán ní Èjìgbò, ọdún òrìṣà ajíyán-sùnyán, ọba aláṣọ funfun, apá kan ìlú a máa fi pàṣán bá apá kejì jà. Ọ̀dọ́kùnrin yóò na ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò nà án, wọn yóò sì jọ padà sí ìdí odó iyán kan náà. Baba wo ni ó lè fi ìyẹn kọ́ ọmọ rẹ̀? Bí baba bá na ọmọ, ìbáwí ni. Bí ọmọ bá na baba, èèwọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ nìkan ni a ti ń kọ́ bí a ti ń gba ẹgba tí a kò fi di ọ̀tá, bí a ti ń pàdánù tí a kò fi sunkún lọ sílé, àti bí a ti ń gbà pé ọmọ aládùúgbò mọ nǹkan tí àwa kò mọ̀. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ọmọ tí a bá fi ìfẹ́ sé mọ́lé fún ọdún kan lè jáde pẹ̀lú máàkì tó pé, kí ó má sì tíì rí oko ẹlòmíràn.

Èyí kò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́. Mo ti rí kíláàsì tí ọmọ mẹ́rin fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, tí ọmọ tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ dákẹ́ sẹ́yìn títí ọdún fi parí, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ìyá tí ó fi ọmọ rẹ̀ sí iwájú ara rẹ̀, tí ó mọ ọjọ́ tí ọmọ náà kò sùn dáadáa, ti ṣe ohun tí tíṣà ọgọ́ta ọmọ kò lè ṣe. Nígbà tí àrùn kòrónà sì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù March ọdún 2020, àwọn tí òbí wọn lè jókòó tì wọ́n ni iná ẹ̀kọ́ wọn kò kú. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ohun tí mo bẹ̀rù nínú ẹ̀kọ́ olówó iyebíye yẹn ni ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìtàn tí ọmọ ń kọ́ ní kíláàsì karùn-ún Amẹ́ríkà, ìtàn àwọn baba ńlá Amẹ́ríkà ni, ó sì tọ́ fún ọmọ Amẹ́ríkà. Èdè tí a fi ń kọ́ ọ náà ńkọ́? Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún 6, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ohun tí wọ́n rí nígbà náà ni mo tún rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Fóònù bi ọmọbìnrin náà pé kí ni 1/4 àti 1/4 yóò jẹ́ bí a bá rò wọ́n pọ̀. Ó kọ 2/8. Àmì pupa jáde. Ó tún kọ ọ́, àmì pupa tún jáde. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lé sí i lójú, ìyá rẹ̀ tí ń já ewédú sì dákẹ́, nítorí kò dá òun náà lójú. Ìyá àgbà tí ó jókòó ní ẹnu ọ̀nà ni ó ní, "Ọkọ mi, gba obì yìí." Obì abàtà olójú mẹ́rin ni. Ó là á, ó tẹ́ awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí orí ẹní. Ọmọ náà mú awẹ́ kan, ó mú awẹ́ kejì, ó ṣì ń sọ pé méjì nínú mẹ́jọ ni. Bí ọmọkùnrin aládùúgbò kan, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú eruku lórí káàkí rẹ̀, ṣe yọjú nìyẹn, tí kò tilẹ̀ tíì kí àwọn àgbà tán tí ó fi kígbe pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀! Mẹ́jọ dà? Ṣebí obì kan náà ni! Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé kì í ṣe ààbọ̀ obì nìyẹn?"

Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo awẹ́ méjì tó kù lórí ẹní, ó pa 2/8 rẹ́, ó kọ 1/2. Lẹ́yìn náà ni ó na awẹ́ obì kan sí ọmọkùnrin náà. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ọmọ mẹ́rin ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ní ọ̀sán, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́rùn mẹ́ta nínú wọn, wọ́n ń jiyàn lé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 21, Faransé ń bọ́ lẹ́nu ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu èkejì, Yorùbá lẹ́nu gbogbo wọn. Agolo mílíìkì náà sì ti dojú dé sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó rántí gbé e.