Ta Ló Ni Táyà?

Ẹ jẹ́ ká ní bàbá ẹnì kan kú, ó sì fi Land Rover Series III sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀ nínú ọgbà ilé wọn ní Bàrígà. Láàárín 1971 sí 1985 ni wọ́n ṣe irú ọkọ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn awọnlẹ̀ ló ń gbé e wọ igbó nígbà náà. Leyland ní Ìbàdàn náà tò ó pọ̀ nílẹ̀ wa níbí. Mẹkáníìkì ti jí ẹ́ńjìnnì, ó ku ẹsẹ̀. Ọmọ yìí wá kó owó lọ sí Ládípọ̀, ó fẹ́ ríìmù tó ń dán àti táyà ńlá eléyín gbọ̀ngbọ̀n, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé jíìpù ń bọ̀. Wọ́n ní kó rọra, ó ní, "Mọ́tò mi ni. Ohun tó bá wù mí ni màá wọ̀ fún un."

Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ẹ wo ohun tí táyà jẹ́ ná. Pẹ̀lú gbogbo irin yẹn, ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti kan títì kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mẹ́rin péré. Ọ̀dà ara ọkọ̀, àga, rédíò, mo gbà, ti ẹni tó ni ín ni. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí, ẹni tó ń sọdá títì ní Ládi-Lak ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ìyá tó ń ta ẹja lójú ọ̀nà Ìlàjẹ kò sí ní Ládípọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ná ọjà náà. Ta ló bá a dá sí i?

Ẹrẹ̀ la ṣe táyà eléyín gbọ̀ngbọ̀n fún. Bí òjò bá rọ̀ sórí títì ọlọ́dà, àlàfo tó wà láàárín eyín yẹn kì í di ilẹ̀ mú, rọ́bà tó kan ilẹ̀ ti dínkù. Bó bá tún wá tóbi ju èyí tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún lọ (6.00-16 fún èyí tó kúrú, 7.50-16 fún èyí tó gùn), sítíárìn á le bí òkúta, bíréèkì ìgbà yẹn tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ á máa làágùn kó tó dá a dúró. Aago eré gan-an á máa purọ́: ẹni tó rí 80 lójú aago lórí Third Mainland ti ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀ nítorí ojú ayé!

Àmọ́ èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Táyà tó ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ láti ìgbà tí bàbá ti gbé e sílẹ̀, eyín ẹ̀ lè jìn bíi tuntun, kí rọ́bà fúnra ẹ̀ ti kú. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ níbi tó dúró sí. Ó sì kọ ọjọ́ orí ẹ̀ sára. Ẹ wá lẹ́tà DOT, ẹ ka nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn: 2307, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2007 nìyẹn. Bó bá jẹ́ 3 ló gbẹ̀yìn, kó tó di ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ má bèèrè iye mọ́.

Fọkanáísà tó ń tà á mọ nọ́ńbà yìí kà, oníbàárà ò mọ̀ ọ́n. Ó fi ìpara dúdú kùn ún, ó ń kọ mànà. Bẹ́ ẹ bá mú un, yóò ní, "Mi ò purọ́ fún un, kò ṣáà bi mí." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lójú tèmi, ọwọ́ tó ń fi ìpara kùn ún ti sọ̀rọ̀, ó ti ní "tuntun ni." Irọ́ ò dìgbà téèyàn bá la ẹnu. (Tòkunbọ̀, orúkọ tá a fi ń yọ̀ mọ́ ọmọ tó tòkè òkun dé, òun la wá fún táyà tí àwọn òyìnbó ti kọ̀ sílẹ̀.)

Ẹnì kan á ní ebi ló fà á. Mo gbọ́. Michelin ti ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop ní Ìkẹjà dá táyà ṣíṣe dúró ní 2008, òkè òkun là ń wò látìgbà náà. Àwọn Road Safety ń pariwo, awakọ̀ dánfó ń wo àpò ẹ̀. Mi ò lè fi ojú kan náà wo awakọ̀ yẹn àti ọmọ tó ní owó ríìmù tó ń dán. Ẹ̀bi ti tálákà kéré. Ṣùgbọ́n egungun ìyá ẹlẹ́ja tó kán, kò kéré nítorí pé tálákà ló gbá a. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló dúró, ọ̀kan ò pa èkejì rẹ́.

Ó wá ku táyà ẹ́sítírà, èyí tí Land Rover àtijọ́ máa ń gbé lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ayé ló ń rí i, kò sẹ́ni tó ń ka nọ́ńbà ẹ̀, òun ló sì sábà máa ń dàgbà jù. Bó bá wu ọmọ yìí kó fi ti bàbá ẹ̀ síbẹ̀ fún ìrántí, kò burú, ó rẹwà. Kó ṣáà yọ tíúbù inú ẹ̀ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ lóru ọjọ́ tí ọ̀kan bá bẹ́.